Aago mélòó ni kí a dé etí òkun Àgbádárìgì? Bí ẹ ó ṣe mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà

Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, aago mélòó ló dáa kí a dé etí òkun ní Àgbádárìgì?" Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ béèrè. Wọ́n á ti lọ, omi á ti gbé bàtà wọn, wọ́n á wá máa bi mí ohun tó fà á. Mi ò lè dárúkọ aago kan fún yín, torí aago òkun kì í dúró sójú kan. Aago tí omi fà lónìí kọ́ ni yóò fà lọ́la. Àmọ́ ó ní bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n: òṣùpá, aago, àti igi kan tí ẹ lè fi gún yanrìn ti tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ ná. Ìgbì ni èyí tó ń rọ́ wá tó sì ń padà kí ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́. Kíkún àti fífà yàtọ̀ sí i. Odindi òkun ló ń ṣe ìyẹn: á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 6, á sì máa sọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 6. Ìgbì lè kéré kí omi sì máa kún. Ìgbì lè ga kí omi sì máa fà. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ ni omi máa ń bá lójijì.

Omi wo lẹ fẹ́ lọ?

Omi méjì ló wà ní Àgbádárìgì. Èyí tó wà níwájú Marina, tí ẹ ń wò láti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọ̀sà ni. Òkun gan-an wà lẹ́yìn Gberefu, ilẹ̀ yanrìn gbọọrọ tó dùbúlẹ̀ láàárín méjèèjì. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Marina tí ẹ sọ̀ ní Gberefu, ìrìn ṣì kù. Ẹ ó la yanrìn kọjá, ẹ ó kọjá lára kànga tí ìtàn sọ pé wọ́n fi ń mú àwọn ẹrú gbàgbé ilé, kí ẹ tó dé Point of No Return, ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ òkun, tó wà létí òkun.

Gbogbo ìṣirò aago tí mo fẹ́ kọ́ yín nísàlẹ̀ yìí, ti òkun ni. Ẹ má fi wọn ọ̀sà. Ọ̀sà wa kò ní ẹnu sí òkun ní Àgbádárìgì. Omi iyọ̀ ní láti gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọlé lápá ìlà-oòrùn, tàbí kó gba ọ̀nà Kútọnu lápá ìwọ̀-oòrùn, kó tó rọra wọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó bá fi máa dé Marina, ó ti pẹ́, okun rẹ̀ sì ti tán lọ́nà. Nígbà òjò, tí odò Yewa bá ń tú omi sínú ọ̀sà, ẹ lè dúró láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹ má mọ̀ pé nǹkan kan kún tàbí fà.

Ohun tí èyí ń bí ni pé ọ̀sà lè dákẹ́ rọ́rọ́ bí omi inú agbada, kí òkun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa bú ramúramù. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan dúró ní Marina, tó ní, "Ẹ wò ó, omi ti rọ̀ lónìí." Omi wo?

Bí ẹ ó ṣe ṣírò aago

1. Ẹ wo òṣùpá lálẹ́ ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Bó bá jẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú, tàbí oṣù tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ìkún ńlá lẹ fẹ́ bá pàdé: omi á gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì fà jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn òṣùpá náà ló máa ń le jù. Bó bá jẹ́ ìlàjì òṣùpá, ìkún kékeré ni, omi ò ní gòkè púpọ̀, kò sì ní fà púpọ̀.

2. Ẹ wá àtẹ ìkún omi lórí fóònù yín. Ẹ tẹ "Lagos tide". Ọ̀pọ̀ àtẹ á gbé "Lagos Bar" wá, ìyẹn ẹnu ọ̀nà òkun Èkó. Etí òkun kan náà ló wọ́ láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà aago rẹ̀ súnmọ́ tiwa. Ẹ fi bí ìdajì wákàtí sílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn.

3. Ẹ yẹ aago àtẹ náà wò. Ibí yìí ló ti ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àtẹ mìíràn ń lo aago GMT. Aago tiwa ní Nàìjíríà fi wákàtí 1 ṣíwájú rẹ̀. Bí àtẹ bá kọ GMT, ẹ fi wákàtí kan kún un.

4. Bí ẹ kò bá rí àtẹ, ẹ fi ojú ara yín mú aago kan, kí ẹ sì máa ṣírò lọ. Láti ìgbà tí omi kún pátápátá sí ìgbà tó fà pátápátá jẹ́ bíi wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 12. Lójoojúmọ́, gbogbo rẹ̀ á fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i.

5. Ẹ mọ wákàtí tó ń sáré. Omi kì í gòkè bákan náà. Ẹ pín gbogbo kíkún náà sí ọ̀nà 12: ní wákàtí kìíní yóò gba 1, ní ìkejì 2, ní ìkẹta 3, ní ìkẹrin 3, ní ìkarùn-ún 2, ní ìkẹfà 1. Ìyẹn ni pé wákàtí kẹta àti ìkẹrin nìkan ń kó ìdajì.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Ẹ ká a pé ẹ dé etí òkun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ sì rí i pé aago 10 àárọ̀ ni omi kún jù. Yóò fà tán ní nǹkan bí aago 4 ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú 12. Yóò tún kún ní nǹkan bí aago 10 alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 25. Lọ́jọ́ Àìkú, kíkún àárọ̀ á bọ́ sí nǹkan bí aago 11 ku ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ bá ní ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ má fi aago ti ọ̀sẹ̀ yìí tọ́ wọn sọ́nà. Láàárín ọjọ́ 7, aago náà á ti yí po: ìgbà tó ń kún tẹ́lẹ̀ ló ń fà báyìí.

Ẹnì kan á ní, "Mítà mélòó ló ń gòkè ná?" Ní etí òkun wa, ìkún ńlá kò ju nǹkan bíi mítà 1 lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ ẹ má wo gíga nìkan. Níbi tí yanrìn bá tẹ́, tó jẹ́ pé ẹ ní láti rin mítà 20 kí ilẹ̀ tó ga ní mítà 1, omi tó gòkè ní mítà 1 á wọlé wá ní mítà 20. Ẹní yín ò sì sí ní mítà 20.

Ọdún wo ló bọ́ sí ìkún ńlá?

Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣètò ìjáde ẹgbẹ́ mọ̀. Oṣù tí àwọn Mùsùlùmí ń wò kí wọ́n tó túnu, òun náà ló ń fa omi. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ máa ń bọ́ sí ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn oṣù tuntun, àsìkò ìkún ńlá gan-an. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tí èrò ń kún etí òkun jù ni omi náà ń gòkè jù. Kì í ṣe àfiṣe ẹnikẹ́ni, bí òṣùpá ṣe rí ni.

Iléyá rọrùn díẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù ni, òṣùpá ti kọjá ìlàjì, kò tíì di àrànmọ́jú. Àjíǹde ní tirẹ̀, Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú kan ni wọ́n fi ń mú un, nítorí náà ẹ wo bí ó ṣe súnmọ́ra tó: bó bá jẹ́ pé Ọjọ́bọ̀ tàbí Ẹtì ni òṣùpá náà kún, ìkún ńlá ṣì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, àti lọ́jọ́ Ajé tí gbogbo ayé ń lọ pikiníìkì. Kérésì àti ọdún tuntun kò bá òṣùpá lọ rárá. Ọdọọdún lẹ ní láti yẹ̀ wọ́n wò.

Ọdún Ìtúnu kan ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. A dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, a rí ibì kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn òkìtì yanrìn kékeré kan, yanrìn ibẹ̀ gbẹ, a ní ibí yìí dáa. A tẹ́ ẹní, a gbé kúlà ìrẹsì kalẹ̀. Nígbà tó di bí aago 4, ìgbì kan fò lórí òkìtì yẹn, ó já sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì rí ọ̀nà padà. Kí a tó dìde, a ti wà nínú adágún omi, kúlà wa ti ń léfòó. Ẹsẹ̀ kan nínú bàtà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la rí. Ìkejì wà lọ́dọ̀ Olókun títí dòní. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé òkìtì yẹn, òkun fúnra rẹ̀ ló kó o jọ. Ibi tí omi ń dé ló fi ń sàmì.

Ẹrù tí ẹ ó dì

- Omi mímu tó pọ̀. Yanrìn Gberefu lọ́sàn-án gbóná bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.
- Bàtà tó lókùn lẹ́yìn. Sílípáàsì ò ṣeé fi rìn nínú yanrìn.
- Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó ṣófo, tó ní ìdérí tó dé pinpin, àti okùn tó gùn. Mo máa sọ ìdí rẹ̀.
- Igi gígùn kan. Ẹ ó fi gún yanrìn.
- Owó kékeré. Ọlọ́kọ̀ àti alágbọn kì í sábà ní ṣéńjì.
- Fóònù tó gba iná kún, nínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀.
- Aṣọ tó ní àwọ̀ títàn fún àwọn ọmọdé: pupa tàbí ọsàn. Ẹ má wọ búlúù tàbí àwọ̀ ewé fún ọmọ lọ sétí òkun, ojú ò ní tètè rí i nínú omi.

Líla ọ̀sà kọjá

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó ṣí, kì í ṣe nígbà tó bá dé àárín omi. Ẹ fa okùn rẹ̀ le. Bí ẹ bá lè gbé e kọjá orí láìtú okùn, ó ti tóbi jù fún yín. Bí ọlọ́kọ̀ kò bá ní èyí tó tó ọmọ yín, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn. Bí èrò bá pọ̀ jù, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "kò jìnnà" tàn yín jẹ.

Ẹ wo ojú ọ̀run kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ní oṣù kẹrin sí ìkẹfà, àti ìkẹsàn-án sí ìkẹwàá, ìjì lè dìde lójijì. Apá ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbà wá, ẹ̀yin á rí i tí ojú ọ̀run dúdú kìrìmù lápá ibẹ̀, atẹ́gùn tútù á sì ṣáájú òjò dé. Bí ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ dúró sí èbúté. Lásìkò ọyẹ́, kùrukùru máa ń bo ọ̀sà láàárọ̀. Ẹ jẹ́ kó ká kúrò. Bákan náà, ẹ ṣọ́ àwọn ewéko tó ń léfòó lójú ọ̀sà, wọ́n máa ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ má dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdìde yẹn ló ń da ọkọ̀ dé.

Nígbà tí ẹ bá dé etí òkun

1. Ẹ dúró lókè fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ má sọ̀. Ìgbì ńlá kì í wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́: àwọn kékeré á máa wá fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ó rò pé bó ṣe rí nìyẹn, àwọn ńlá á wá tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó wò ó fún ìṣẹ́jú 2 kò rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹun nígbà tí ẹ ń wò ó.

2. Ẹ wá ìlà pàǹtí. Ẹ ó rí ìlà kan tó gùn lọ lórí yanrìn: koríko, ike, èèpo àgbọn, ẹ̀ka igi. Ibẹ̀ ni omi dé gbẹ̀yìn. Bó bá tutù, kíkún tòní tàbí ti àná ni. Bí ẹ bá rí ìkejì tó gbẹ lókè rẹ̀, ti ìkún ńlá ni. Ẹ tẹ́ ẹní yín sókè èyí tó ga jù.

3. Ẹ gún igi. Ẹ dúró de ìgbì mélòó kan, ẹ sàmì sí ibi tí èyí tó wọlé jù dé, kí ẹ gún igi síbẹ̀. Ẹ wo aago yín. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ padà wá wò ó. Bí omi bá ti ń gba ìdí igi kọjá, ó ń kún. Bí yanrìn ìdí igi bá ti ń gbẹ, tó ń funfun, ó ń fà. Igi yìí á sọ òtítọ́ fún yín ju àtẹ orí fóònù lọ, torí ó ka ìgbì pọ̀ mọ́ ọn.

4. Ẹ fi ẹsẹ̀ wo ìdagẹ̀rẹ̀. Etí òkun wa máa ń da gẹ̀rẹ̀ lójijì. Ẹ lè fi ìṣísẹ̀ méjì kúrò ní kókósẹ̀ bọ́ sí ìbàdí. Níbi tó bá da gẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí omi bá kún, ìgbì kì í fọ́ lókèèrè. Ẹsẹ̀ yín gan-an ló máa fọ́ sí, ó lè gbé ènìyàn kó fi orí rẹ̀ gún yanrìn. Bí omi yẹn bá sì ń padà, á máa gbẹ́ yanrìn abẹ́ ẹsẹ̀ yín kúrò. Ẹ ó máa mọ̀ ọ́n bí ẹni pé wọ́n ń fa ẹní tẹ́ ẹ dúró lé.

5. Ẹ wo apá òsì. Bí ẹ bá kọjú sí òkun, omi etí bèbè sábà máa ń rọra gbé nǹkan lọ sí apá òsì yín, síhà Èkó. Bí bọ́ọ̀lù tàbí ọmọ tó ń ṣeré létí omi bá pòórá lójú yín, apá ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré wò. Ẹ yan ẹnì kan tí kò ní ṣe nǹkan mìíràn ju kó máa ka orí àwọn ọmọ lọ, kí ẹ sì máa gbà á níṣẹ́ ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ kò lè ṣọ́ ọmọ létí òkun.

Ẹ má sì jókòó sábẹ́ igi àgbọn. Mo mọ̀ pé ibòji rẹ̀ wù yín.

Kí lẹ lè ṣe, nígbà wo?

Rírìn, bọ́ọ̀lù, ṣíṣa ìkarahun: láti wákàtí 2 ṣáájú ìgbà tí omi fà tán títí di wákàtí 1 lẹ́yìn rẹ̀. Yanrìn tutù, ó le, ó sì fẹ̀. Ìgbà yìí náà ni fọ́tò máa ń dára jù. Bí omi bá ti yí padà tó ń kún, ẹ kó bọ́ọ̀lù yín sókè kí wákàtí kẹta tó bẹ̀rẹ̀.

Wíwo àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n: èyí wù mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn Ègùn ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ á ti gbé àwọ̀n lọ sínú òkun, á fi yípo, okùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á wà lórí ilẹ̀. Ọ̀wọ́ méjì á máa fà á pẹ̀lú orin, wọn á sì máa rìn súnmọ́ ara wọn bí àwọ̀n ṣe ń bọ̀. Ẹ tètè dé, àárọ̀ ló dáa jù. Ẹ kí wọn kí ẹ tó gbé fóònù sókè. Ẹ má fo okùn wọn kọjá, ẹ má sì dúró sí àárín okùn méjèèjì. Bí wọ́n bá ní kí ẹ bá àwọn fà, ẹ di okùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ má wé e mọ́ ọwọ́ láéláé. Bí òkun bá fà á padà, ọwọ́ yín á bá a lọ. Ẹ mú ọ̀rá tàbí báàfù dání bí ẹ bá fẹ́ ra ẹja, kí ẹ sì dúró kí wọ́n pín tiwọn tán kí ẹ tó nájà.

Wíwẹ̀: èmi kì í wọ òkun Àgbádárìgì kọjá orúnkún, mo sì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹni tó mọ odò wẹ̀ kò tíì mọ òkun. Láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ni ìgbì máa ń ga jù, torí ìjì tó ń jà lọ́nà jíjìn ní gúúsù òkun Àtìláńtíkì ló ń tì í wá. Òòrùn lè máa ràn níbí kí ìgbì ìjì ibòmíràn máa wọlé. Lásìkò yẹn, mi ò tilẹ̀ ń jẹ́ kí omi kan kókósẹ̀ ọmọ mi.

Omi tó ń fani lọ

Èyí ló ń pa ènìyàn ju ìgbì lọ. Omi tí ìgbì kó wá sí etí bèbè ní láti padà, ó sì máa ń rí ọ̀nà tóóró kan gbà. Ojú ọ̀nà yẹn ló máa ń fani. Bí ẹ ó ṣe dá a mọ̀ láti òkè: ibì kan láàárín ìgbì tí kò fi bẹ́ẹ̀ fọ́, tó dà bí ẹni pé ó rọ̀, omi ibẹ̀ dúdú díẹ̀ tàbí ó ní àwọ̀ yanrìn, ìfófò àti pàǹtí ń lọ sí ìta dípò kí wọ́n máa bọ̀. Ibi tó dà bíi pé ó rọ̀ jù ló léwu jù. Ó sábà máa ń le sí i nígbà tí omi bá ń fà.

Bó bá mú yín:

1. Ẹ má bá a jà. Kì í fa ènìyàn sísàlẹ̀, ìta ló ń gbé e lọ. Àárẹ̀ ló ń pani.
2. Ẹ dojú sókè, ẹ léfòó, ẹ mí.
3. Ẹ gbé ọwọ́ kan sókè, kí ẹ ké.
4. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, ẹ wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa tẹ̀lé bèbè, títí ẹ ó fi mọ̀ pé kò fà yín mọ́. Ìgbà náà ni kí ẹ tó kọjú sí ilẹ̀, níbi tí ìgbì ti ń fọ́.

Bí omi bá gbé ẹnì kan

Ẹ má fò wọ inú omi. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọ ẹni. Àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni òkú kan ṣe máa ń di méjì. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo yẹn lẹ fẹ́ lò: ẹ ti so okùn mọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti ilé, ẹ jù ú kọjá orí ẹni náà kí okùn lè já sí i lọ́wọ́, kí ẹ sì fà á wálé. Kẹ́ẹ̀gì tí a dé dáadáa lè gbé ènìyàn sókè. Kí ẹnì kan máa nawọ́ sí i láìgbójú kúrò lára rẹ̀, kí ẹlòmíràn ké pe àwọn apẹja, kí ẹlòmíràn pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 tàbí 112.

Bí ẹ bá gbé e jáde tí kò mí:

1. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè.
2. Ẹ pa imú rẹ̀ dé, ẹ fẹ́ èémí 5 sí i lẹ́nu.
3. Ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ le, kíá kíá, ní ìgbà 30. Ẹ fẹ́ èémí 2. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 30.
4. Ẹ má dúró títí yóò fi mí tàbí tí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn. Ẹ má gbé e dorí kodò. Wọ́n máa ń ṣe méjèèjì pé kí omi lè jáde, èébì ló ń fà, á sì gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá mí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Bó bá tilẹ̀ dìde tó ní kò sí nǹkan kan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó mu omi òkun lè tún dákú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Àṣìṣe tí mo ń rí léraléra

- Kíkọ ẹ̀yìn sí òkun nítorí fọ́tò. Ẹni tó ń ya fọ́tò ni kó kọjú sí òkun, kó sì máa sọ ìgbà tí ìgbì ń bọ̀.
- Gbígbẹ́ ihò jinlẹ̀ fún àwọn ọmọ láti wọ̀. Yanrìn a máa ya lù wọ́n.
- Mímu ọtí kí wọ́n tó wọ omi.
- Dídúró sí etí bèbè yanrìn tí omi ti gé ṣóńṣó bí ògiri. Ó lè ya lábẹ́ yín.
- Bíbọ́ sínú omi láti lé bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ ó ra òmíràn.

Bí òkun bá ń bínú lọ́jọ́ tí ẹ dé

Ẹ má fi dandan wọ inú rẹ̀ torí pé ẹ ti sanwó ọkọ̀. Ẹ jókòó lókè, ẹ wò ó, kí ẹ sì padà sọ́dọ̀ ọ̀sà. Ẹ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, ọ̀sà ló kọjú sí. Atẹ́gùn ibẹ̀ tù mí lára ju ti òkun lọ nígbà mìíràn. Ọjà ẹrú Vlekete àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò jìnnà síra. Bí àwọn ọmọ bá ṣì fẹ́ yanrìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣeré lókè ìlà pàǹtí, kí ẹ kó akàn fún wọn láti máa lé.

Kí ẹ tó kúrò

Ẹ bá ọlọ́kọ̀ dá àkókò ìpadà kí ẹ tó fi í sílẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ padà kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀sà kì í ṣe ibi ìrìn òru. Ẹ ka orí lẹ́ẹ̀mẹ́ta: kí ẹ tó kúrò létí òkun, kí ẹ tó wọ ọkọ̀, àti lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀ ní Marina. Ẹ kó ike àti ọ̀rá yín dání. Kí ẹ sì fa igi yẹn yọ nínú yanrìn kí ẹ tó lọ, torí àwọn apẹja á gba ibẹ̀ kọjá ní ìdájí láìwọ bàtà.